Ẹ Má Gba Orin Lọ́wọ́ Ọmọdé

"Orin kò lè gbé ọmọ wọ yunifásítì." Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi pa píríọ́dù orin rẹ́ ní ilé-ìwé mi. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjà ẹnì kan ni mo wá jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì ọdún tó kọjá ni wọ́n lẹ táímùtébù tuntun mọ́ ògiri. Ibi tí a ti máa ń rí orin ní Ọjọ́rú, ìṣirò ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n kó àwọn ìlù wa, ìyáàlù kan, gángan méjì àti omele, sínú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Olùkọ́ orin wa lọ, wọn kò sì gba ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ JSS1 tó wọlé lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé-ìwé wa ti fìgbà kan ní ìlù.

Èmi wà ní SS2. Mo fẹ́ fi orin kún àwọn iṣẹ́ tí n ó ṣe ní WAEC, nítorí WAEC ní ìdánwò fún un. Wọ́n ní kò sí olùkọ́, kí n mú iṣẹ́ mìíràn. Mo ti mú òmíràn. Bí wọ́n bá dá píríọ́dù náà padà lọ́la, kò lè ṣe mí láǹfààní kankan mọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mò ń jà fún. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ọpọlọ ọmọdé nílò orin tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, èyí tí ó ń fi ẹnu kọ, tí ó ń fi ọwọ́ lù, tí ó ń fi ẹsẹ̀ jó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ó lè mọ̀wé, ó ń bù ú kù ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Nígbà tí oyún bá fi máa tó oṣù méje, etí ọmọ inú rẹ̀ ti ń gbọ́ràn. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣe ń lù, ó ń gbọ́ ohùn ìyá náà bí ó ti ń ròkè tí ó ń lọ sílẹ̀. Ní 1980, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Anthony DeCasper àti William Fifer, fi hàn pé ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní orí ọmú rọ́bà, wọ́n sì ṣe é kí ó jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣe fà á ni yóò sọ bóyá ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò gbọ́ tàbí ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ náà fà á lọ́nà tí wọn yóò fi gbọ́ ti ìyá wọn.

Ìwádìí kejì ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan láti Hungary àti Netherlands, tí István Winkler ṣáájú wọn, mú àwọn ọmọ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ wọn lórí láti fi mọ ohun tí ọpọlọ wọn ń ṣe, wọ́n sì ń lu ìlù fún wọn lójú oorun. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fo ibì kan láìlù ú. Bí ibi tí wọ́n fò kò bá ṣe pàtàkì, ọpọlọ ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fo ibi tí oníjó yóò ti gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á ta kìjí, bí ẹni pé ohun tí ó ń retí ni kò dé. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá. Èyí já sí pé kí a tó fún ọmọ lórúkọ ni ó ti mọ ibi tí ìlù yẹ kí ó bọ́ sí.

Ẹ wo ọmọ oṣù méje náà. Ní 2005, Jessica Phillips-Silver àti Laurel Trainor ní Kánádà lu ìlù kan tí gbogbo ìró rẹ̀ dọ́gba fún àwọn ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ kan sókè sódò ní ìró méjì-méjì, wọ́n ń gbé àwọn mìíràn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wá lu ìlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, èyí tó bá bí wọ́n ṣe gbé kálukú wọn mu ni ó fẹ́ máa gbọ́. Àwọn tó kàn jókòó wo ẹlòmíràn tó ń fò kò mú ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá dúró níbí yìí díẹ̀. Kí ni ìyá Ẹ̀gbá ń ṣe nígbà tí ó bá pọn ọmọ tó sì ń jó ní ibi ìsọmọlórúkọ? Ara ìyá ló ń kọ́ ọpọlọ ọmọ ní ìlù. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé ní Kánádà.

Ilẹ̀kùn yìí kì í sì í ṣí sílẹ̀ gbayawu títí láé. Erin Hannon àti Sandra Trehub rí i, ní 2005 kan náà, pé àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà ní Àríwá Amẹ́ríkà lè mọ̀ bí ìlù bá ṣìnà nínú orin ilé wọn, wọ́n sì lè mọ̀ ọ́n nínú orin ilẹ̀ Balkan tí ìlù rẹ̀ díjú, tí àwọn òbí wọn kì í gbọ́. Nígbà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pé ọdún kan, ti àjèjì ti di àjèjì sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú kí àwọn ọmọ ọdún kan máa gbọ́ orin náà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, etí wọn tún là. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò fún àwọn àgbàlagbà, tiwọn kò là bẹ́ẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ilé-ìwé tó ní kí ọmọ kọ́kọ́ yege ní WAEC kí ó tó máa wá orin kiri ń sọ fún wa pé kí a dúró kí ìrókò dàgbà ná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan tó fẹ́ràn orin yóò ti máa patẹ́wọ́ fún mi báyìí. Ẹ má tíì pa á, nítorí mo ní ọ̀rọ̀ bá ẹ̀yin náà sọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi irọ́ gbèjà orin. Ẹ ń sọ pé bí ọmọ bá ti gbọ́ orin òyìnbó tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ọpọlọ rẹ̀ yóò jí pépé, yóò sì di onímọ̀ ìṣirò. Mo mọ ìyá kan tó ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ní alaalẹ́ nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ní 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì fún wọn ní iṣẹ́ kan ṣe nípa bí a ṣe ń fojú inú wo bébà tí a ká tí a sì gé. Wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀ sí i. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbára náà ti tán. Kò sí ọmọdé kankan nínú wọn. Kò sí ẹni tó sọ pé ọpọlọ wọn jí títí ayé. Síbẹ̀ ìròyìn gbé e, ó di ńlá, débi pé ní 1998 gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia, Zell Miller, ní kí ìjọba ya $105,000 sọ́tọ̀ láti fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní ìpínlẹ̀ náà ní orin. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń ta orin amúọpọlọjí fún àwọn òbí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2020, Giovanni Sala àti Fernand Gobet kó ìwádìí 54 jọ lórí ọmọ tó lé ní 6,900, wọ́n sì gbé wọn yẹ̀ wò. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe dáadáa jù, ẹ̀kọ́ orin kò sọ ọmọ di ẹni tó mọ ìṣirò tàbí ìwé kíkà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. N kò fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí bí mo bá fi í pamọ́, ọ̀gá ilé-ìwé kan yóò rí i lọ́jọ́ kan, yóò sì fi na ìwé mi yìí mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àti mọ ìṣirò ni kí a ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá ní kí a kọ́ ọmọ ní orin nítorí ìṣirò ti fi orin ṣe ẹrú ìṣirò, ọjọ́ tí ẹrú kò bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọn yóò lé e jáde. Bí wọ́n ṣe lé e jáde ní ilé-ìwé wa gan-an nìyẹn. Wọn kì í béèrè bóyá ìṣirò ń jẹ́ kí ọmọ mọ orin kọ kí wọ́n tó fi í sí táímùtébù.

Kí wá ni orin ń ṣe ní ọpọlọ ọmọdé? Ó ń kọ́ ọ láti gbọ́ràn. Ó ń so etí mọ́ ọwọ́. Ó ń so ọmọ kan mọ́ èkejì. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2009, Krista Hyde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí wo àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́fà. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ dùùrù fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn yòókù kò kọ́ ọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ìhà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Nígbà tí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ti àwọn tó ń kọ́ dùùrù ti yí padà ní ibi tó ń darí ọwọ́, ní ibi tó ń gba ìró, àti ní afárá tó so apá ọ̀tún ọpọlọ mọ́ apá òsì. Ìka ọmọ ló tún ọpọlọ ọmọ ṣe.

Ní Los Angeles, Nina Kraus tẹ̀lé àwọn ọmọ àdúgbò tí kò lówó, tí ètò kan tó ń jẹ́ Harmony Project ń kọ́ ní orin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ wọn á lè máa ya ìró ọ̀rọ̀ tó jọra sọ́tọ̀, bí "ba" àti "ga". Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ó gbé ìwádìí náà jáde ní 2014. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé "ṣebí a ń ṣe Ọjọ́ Àṣà lọ́dọọdún" gbọ́. Wọ́n á wọ̀ wá ní àdìrẹ, wọ́n á yá ìlù fún ọjọ́ kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gbé ìlù padà. Bí ọdún kan gbáko kò bá tó láti yí ọpọlọ padà, kí ni ọjọ́ kan fẹ́ ṣe?

Ní Jámánì, Sebastian Kirschner àti Michael Tomasello kó àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin jọ ní méjì-méjì. Àwọn kan kọrin, wọ́n lùlù, wọ́n jó pọ̀ nínú eré kan. Àwọn mìíràn ṣe irú eré kan náà láìsí orin. Nígbà tí nǹkan wá dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn tó ti kọrin pọ̀ ló tètè ran ara wọn lọ́wọ́ jù. 2010 ni wọ́n kọ èyí. Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń ní ojúde wa. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á fò, ẹsẹ̀ wọn á bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣìnà, eré dúró. Kò sí ẹni tó lè ṣe tẹ́ń-tẹ́ń láìwo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kólòlò. Bí olùkọ́ bá pè é dìde láti kàwé, àwọn ọmọ kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n máa ń ní kó dá orin, kì í sì í kólòlò rárá. Kì í ṣe ìyanu. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé akólòlò kì í sábà kólòlò nínú orin, nítorí orin ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀, ìlù ti sọ ìgbà tí sílébù kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Nígbà tí ilé-ìwé rẹ̀ ṣì ní píríọ́dù orin, ìṣẹ́jú ogójì kan wà lọ́sẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló bi í léèrè kí wọ́n tó gbà á?

Àwa ọmọ Yorùbá tilẹ̀ ní ìdí kan tí ọmọ òyìnbó kò ní. Ohùn ni èdè wa. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí a ń kà, igbà tí ọ̀dẹmu fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbà tó ń kọjá lọ: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ kò lè gbọ́ ara ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀. Ní 2021, ọmọ Nàìjíríà kan, Cecilia Durojaye, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, gbé ìwádìí jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ ìgbà tí dùndún ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó ń kọrin. Àwọn tí kò gbọ́ dùndún rí gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ló mọ ìyàtọ̀ jù. Etí wa kò ju etí wọn lọ. Ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí a kò bá sì kọ́ nínú wa yóò di àlejò sí dùndún bí ará Jámánì. Nínú kíláàsì mi, ọ̀pọ̀ ló ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́ tí wọn kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ Yorùbá wa ń fi "do re mi" kọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i: ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ le, orin ni olùkọ́ Yorùbá sá lọ bá, ní ilé-ìwé tó lé orin jáde.

Ní Ìgbẹ̀ìn wa yìí, ó yẹ kí ojú tì wá ju àwọn ará ibòmíràn lọ. Níbí ni wọ́n ti bí Josiah Jesse Ransome-Kuti ní 1855. Ó di olùkọ́, ó lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé CMS ní Èkó ní orin láti 1879, ó sì di àlùfáà. Nígbà ayé rẹ̀, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ìgbà á di igbá lẹ́nu àwọn olùjọ́sìn. Ransome-Kuti fi ohùn ilé kọ orin tirẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Ní 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London. Ní 1942, Isaac Delano kọ odidi ìwé kan nípa rẹ̀.

Ẹ wo ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, ni ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Fẹlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, lọ kọ́ orin ní Trinity College ní London ní 1958, gbogbo ayé sì mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fẹlá, Olikoye, di oníṣègùn àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ Mínísítà Ètò Ìlera láti 1985 sí 1992. Beko àbúrò wọn náà di dókítà. N kò sọ pé orin ló sọ wọ́n di dókítà. Mo ti ní a kò ní fi irọ́ gbèjà orin. Ohun tí mò ń sọ ni pé orin kún inú ilé náà, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìwé. Ẹni tó bá ń sọ ní Abẹ́òkúta pé orin àti ìwé kò lè gbé inú ilé kan, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbọ́ orúkọ ilé Kútì rí.

Àwọn òbí kan ní àwọn kò bí ọmọ kí ó wá di onílù tàbí alágbe. Ẹ̀yin òbí wa, a gbọ́, ẹ kú ìnáwó lórí wa. Ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ pé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ ìṣirò nítorí kí ó má baà di akápò. Ọmọ tó lu ìlù ní JSS2 kò ní láti lu ìlù jẹun. Bí ó bá sì wù ú láti fi jẹun, Ayinla Omowura, ọmọ Ìtòkò níbí, fi àpàlà jẹun, ìlú sì ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí dòní.

Àwọn mìíràn ní ìlù jẹ́ ti òrìṣà. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ tán. Àwọn Mùsùlùmí wa sì ni wọ́n ń fi orin wéré jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, láti inú wéré náà sì ni fújì ti jáde. N kò rí ìjà kankan níbẹ̀.

Àwọn kan ní owó kò sí. Òtítọ́ ni pé owó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà. Àtẹ́wọ́ kò ní náírà kan nínú. Ìlù tiwa sì wà nínú yàrá àga kíkán, eku ni yóò jẹ awọ rẹ̀ tán bí a kò bá gbé e jáde.

Èyí tó kù ni ti àkókò. Wọ́n ní ìṣirò nílò píríọ́dù kan sí i. A ti ní márùn-ún lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì tún ń ṣe lẹ́sìn lẹ́yìn tí a bá parí ilé-ìwé. Bí márùn-ún kò bá kọ́ wa, kì í ṣe ẹ̀kẹfà ló máa kọ́ wa. Ó yẹ kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń lo márùn-ún náà kí wọ́n tó lọ gba ẹyọ kan ṣoṣo tí orin ní.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n dá píríọ́dù orin padà fún gbogbo ọmọ JSS, kí ó sì jẹ́ orin ṣíṣe, kì í ṣe kí a máa da orúkọ ìlù kọ láti ojú pátákó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts ní àyè fún orin. Kí wọ́n má fi àwòrán yíyà nìkan dí i. Kí wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn àyàn ìlú wa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí olùkọ́ kò bá sí. Ẹni tó ti ń lùlù láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò nílò ìwé-ẹ̀rí kí ó tó lè kọ́ ọmọ JSS1. Kí a máa kọ orin pọ̀ ní àpéjọ àárọ̀, kí ó jẹ́ orin tí a kọ́ dáadáa, kì í ṣe èyí tí a ń fi sáré wọ kíláàsì. Ní ti ọmọ SS tó bá fẹ́ ṣe orin ní WAEC, kí ìjọba jẹ́ kí olùkọ́ orin kan máa yí ilé-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ká, kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ má baà máa gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún èmi.

Ní ti ilé, ẹ̀yin òbí, ẹ pa fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ fi ẹnu ara yín kọrin fún ọmọ yín, ì báà jẹ́ pé ohùn yín há. Ohùn yín ni ọmọ náà ti mọ̀ láti inú oyún, kò sì mọ̀ pé ó há. Ẹ pọn ọ́n, kí ẹ sì jó. Bí ó bá ń fi ṣíbí lu abọ́, ẹ jẹ́ kí ó lu ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá bí ọmọ kan ní Ìgbẹ̀ìn lónìí, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀túnla, ọpọlọ rẹ̀ yóò ti máa retí ìlù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó bá a níbẹ̀.